Ogún Inú Oyún: Ìtàn Éèyi láàárín Ìyá àti Ọmọ Ọwọ́

Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ogún, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn wọn ni ilẹ̀, ilé, oko tàbí oyè. Ogún kan wà tí ẹbí kì í jókòó pín. Inú oyún ni ọmọ ti ń jẹ ẹ́, ọwọ́ ìyá nìkan ni ó sì ti ń gbà á. Bàbá kò ní ìpín kankan láti fi sí i. Ogún náà ni agbára tí ara ìyá ti ní láti bá àrùn jà. Kì í pẹ́ tán. Kí ọmọ tó mọ ìrìn rìn, ogún ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo àrùn tí ó ti ń pa ọmọdé ní ilẹ̀ yìí, bóyá ni òmíràn wà tí ó fi ìtàn ogún náà hàn kedere tó éèyi.

Ẹni tí ó bá gba títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì lónìí yóò rí Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n. Ilé so mọ́ ilé, ọjà so mọ́ ọjà, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ààlà wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí láti ilẹ̀. Àwọn Àwórì ni ó tẹ Ọ̀jọ́ àti Ìba dó; ẹja pípa lórí omi àti oko ṣíṣe lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Ìletò tí kò pọ̀ ni wọ́n, omi àti igbó sì wà láàárín wọn. Éèyi kò lè fi irú ibẹ̀ ṣe ilé. Kín ni ìdí rẹ̀? Ẹni tí éèyi bá mú tí kò pa, kò tún ní mú un mọ́ títí ayé. Nítorí náà ó di dandan kí àrùn yìí máa rí ọmọ tí kò tíì mú rí, gẹ́gẹ́ bí iná ti gbọ́dọ̀ máa rí igi. Nígbà tí ó bá ti mú gbogbo ọmọ ìletò kan tán, yóò kú níbẹ̀, àfi bí àlejò bá tún gbé e wá láti ìlú ńlá.

Ní ọdún 1957, M. S. Bartlett, onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò iye ènìyàn tí ìlú gbọ́dọ̀ ní kí éèyi tó lè máa gbé inú rẹ̀ láìkú. Iye tí ó rí jẹ́ nǹkan bí 250,000. Ẹ wá fi ìṣirò náà wo ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní ọdún 1977 ni wọ́n ṣí ibùdó ìpàtẹ ọjà àgbáyé sí ẹ̀gbẹ́ títì náà. Ìjọba Lateef Jakande kọ́ àwọn ilé rẹpẹtẹ sí Ìba, ó sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983. Àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó lọ sí Alábà. Ènìyàn ń tọ ènìyàn lẹ́yìn: Ìgbò, Ẹ̀gùn, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Haúsá, àti àwọn tí owó ilé Èkó ti lé jáde láàárín ìlú. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 598,071 fún ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fárí gá pé iye tí wọ́n kà fún ìpínlẹ̀ náà kéré jù. Ẹ jẹ́ kí á fi ìjà náà sílẹ̀. Iye tí ó kéré jù náà pàápàá ti ju ìlọ́po méjì ohun tí Bartlett sọ. Éèyi kò nílò ẹni tí yóò gbé e wá sí Ọ̀jọ́ mọ́. Ó lè di onílé níbẹ̀.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí orúkọ ti da ìtàn àrùn yìí rú. Àwọn bàbá wa kì í pe orúkọ Ṣọ̀pọ̀ná ní gbangba. Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí olóde, tàbí kí wọ́n ṣáà pè é ní ọba. Éèyi gbé lábẹ́ òjìji ọba yìí. Ibà ni àwọn méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀, ara sì ń sú nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà ìbẹ̀rù ọ̀kan ran èkejì. Ní Èkó, Dókítà Oguntola Sapara, tí ó gbé ayé láti 1861 di 1935, dọ́gbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná kí ó lè mọ ọ̀nà tí ìgbóná ńlá gbà ń tàn kálẹ̀. Ìjọba àwọn òyìnbó fi òfin de ìsìn náà. Láti ìgbà àwọn òyìnbó náà ni Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ náà, bupá. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ní àpá rẹ̀ ní apá wọn. Ṣùgbọ́n ìgbóná ńlá ni wọ́n bupá fún. Kò sí ẹni tí ó bupá fún éèyi, nítorí kò tíì sí oògùn rẹ̀ nígbà náà, àwọn òbí sì ti gbà pé gbogbo ọmọ ni yóò ṣe é, kí Ọlọ́run ṣáà má jẹ́ kí ó le.

Ohun tí ó tún ṣòro ni pé ọ̀rọ̀ náà éèyi kò dúró sí ojú kan. Bí nọ́ọ̀sì bá bi aláboyún kan léèrè ní Òkòkòmáíkò bóyá éèyi ti mú un rí nígbà èwe, ó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, màmá òun sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ara tí ooru mú sú ni ìyá rẹ̀ rí, tàbí rùbẹ́là, àrùn kejì tí ó jọ éèyi tí kò sì ní orúkọ tirẹ̀ láàárín Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè jẹ́rìí, kì í ṣe ẹnu.

Pé éèyi kì í mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, ìtàn erékùṣù Faroe ni ó kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Àárín òkun ní àríwá Yúróòpù ni erékùṣù náà wà. Ní ọdún 1846, éèyi bọ́ sí ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún 65 tí wọn kò ti rí i. Nínú ènìyàn 7,782 tí ń gbé ibẹ̀, nǹkan bí 6,000 ni ó dùbúlẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé dókítà kan láti Denmark, Peter Panum, ṣàkíyèsí pé àwọn arúgbó tí ó ti ṣe éèyi ní ọdún 1781 jókòó sí àárín àwọn aláìsàn láìsí ohun tí ó ṣe wọ́n. Ọdún márùnlélọ́gọ́ta, ara kò gbàgbé. Ohun tí ara fi ń rántí ni àwọn nǹkan tíńtín kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ ojú àrùn kan ṣoṣo tí ó sì ń dènà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á pè wọ́n ní ẹ̀ṣọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn oyún ni púpọ̀ nínú ẹ̀ṣọ́ ìyá máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù kì í rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé máa ń gba tó ohun tí ìyá ní, ó tilẹ̀ máa ń jù ú lọ díẹ̀ nígbà mìíràn. Èyí ni kò jẹ́ kí ó yani lẹ́nu pé ní ayé àtijọ́, éèyi á wọ ilé kan, á dá ọmọ ọdún méjì àti ọmọ ọdún mẹ́ta dúbúlẹ̀ lórí ẹní kan náà, ọmọ oṣù mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn ìyá wọn á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wo éèyi fínnífínní ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe Èkó. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Ní ọdún 1956, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò jókòó sí Iléṣà kí wọ́n máa gbé òkú ọmọ wá bá a. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó ń wọn ìwúwo wọn ní oṣooṣù, ó sì ń kọ ọ́ sí orí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé. Ìdí káàdì ìwúwo tí ó wá kárí ayé lẹ́yìn náà nìyẹn. Orí káàdì wọ̀nyí ni Morley ti rí ohun tí éèyi ń ṣe. Àrùn náà kì í dá pa ọmọ. Ó ń mú òtútù àyà wá, ó ń mú ìgbẹ́ gbuuru wá, ó ń ba ojú àti ẹnu jẹ́, ọmọ kò sì ní lè jẹun. Àwọn òbí tún ń fi èèwọ̀ kún un: kí ọmọ má jẹ ẹran, kí ó má jẹ ẹyin, kí éèyi lè jáde dáradára. Ìlà ìwúwo ọmọ tí ó ti ń gòkè á já wálẹ̀ lójijì, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó padà sí ibi tí ó wà. Ọmọ Yúróòpù a máa dé ilé-ìwé kí éèyi tó mú un. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú ni ó ń mú.

Ní ọdún 1954, John Enders àti Thomas Peebles ti rí kòkòrò éèyi mú ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, láti ara ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Edmonston. Wọ́n ń tọ́ kòkòrò náà títí ó fi di aláìlágbára. Samuel Katz, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Enders, gbé oògùn náà wá bá Morley, wọ́n lò ó fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá, ìròyìn iṣẹ́ náà sì jáde ní ọdún 1962. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ìtàn yìí kò gbọdọ̀ sọnù: ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà lára àwọn tí wọ́n fi mọ̀ pé abẹ́rẹ́ éèyi ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ dé ìdí. Yorùbá wá fa ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan yọ láti fi pe irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní àjẹsára. Àgúnmu àti àsèjẹ ni ènìyàn ń jẹ sí ara nígbà kan. Abẹ́rẹ́ ni a kì í jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a mu ju bí àwọn tí ó yàn án ti rò lọ, nítorí ohun tí ọmọ ń jẹ nínú oyún láti ara ìyá rẹ̀, àjẹsára gan-an ni.

Ibí yìí ni wàhálà wà. Oògùn éèyi jẹ́ kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ ti tán. Ó gbọ́dọ̀ gbé inú ara ọmọ díẹ̀ kí ara tó kọ́ bí a ti ń dá a mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ìyá fi sílẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tá àti olùkọ́. Bí ó bá rí kòkòrò inú abẹ́rẹ́, yóò pa á kíákíá, ara ọmọ kò sì ní kọ́ ohunkóhun. Bí a bá gún ọmọ ní àárọ̀ jù, abẹ́rẹ́ ṣòfò. Bí a bá dúró pẹ́ jù, éèyi dé. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè ogún ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà dá ètò ńlá sílẹ̀ láti lé ìgbóná ńlá àti éèyi, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu ní ọdún 1967, ìbọn abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu ṣóńṣó ń dún ní ọjà àti ní àgbàlá ọba. Ìgbóná ńlá tẹrí ba: oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni wọ́n rí èyí tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ Gáńbíà bọ́ lọ́wọ́ éèyi pẹ̀lú fún ìgbà díẹ̀. Ní Nàìjíríà, éèyi padà dé, nítorí pé lóṣooṣù ni a ń bí ọmọ tí ogún rẹ̀ yóò tán, kò sì sí ìbọn abẹ́rẹ́ tí ó ń padà wá lóṣooṣù.

Oṣù wo gan-an ni ó yẹ kí á gún ọmọ? Kẹ́ńyà ni ìdáhùn ti wá. Ìjọba ibẹ̀ àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò bí wọ́n ti ń dàgbà, wọ́n ń wo bí ẹ̀ṣọ́ ìyá ti ń dín kù, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1977. Wọ́n fi iye ọmọ tí àrùn yóò mú kí abẹ́rẹ́ tó dé wọn wé iye abẹ́rẹ́ tí yóò ṣòfò. Oṣù mẹ́sàn-án ni òṣùwọ̀n méjèèjì ti bá ara wọn dọ́gba jù. Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé ọmọ bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án ń ràn, àti pé bí wọ́n bá dúró di oṣù méjìlá, yóò tó 95. Ṣùgbọ́n ní Áfíríkà, oṣù mẹ́ta tí a bá dúró yẹn ni a ó máa sin ọmọ. Ìpinnu tí ó dára ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó kù kò ní rí i bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára gbogbogbòò fún ọmọdé ní ọdún 1979, ó tún un bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, ó sì gbòòrò nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, onímọ̀ ìtọ́jú ọmọdé, jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 di 1992. Ní nǹkan bí ọdún 1990, ìjọba kéde pé ọmọ tí ó ń gba àjẹsára ti tó bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé wó. Owó dín kù, fìríìjì kò rí iná, àwọn ọmọ tí ó ń gba abẹ́rẹ́ sì kéré gan-an láàárín àwọn ọdún 1990.

Àwọn ọmọbìnrin ìgbà náà ni wọ́n wá di ìyá. Ẹ wo ilé onípààkà kan ní Òkòkòmáíkò, irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá. Ìyá tí wọ́n bí ní ọdún 1988 lè ti gba abẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n bí ní ọdún 1996 ní abúlé lè má gba ohunkóhun, kí éèyi fúnra rẹ̀ sì ti mú un. Ẹ̀kẹta kò gba abẹ́rẹ́, éèyi kò sì bá a pàdé. Lójú ẹni tí ń kọjá, ìyá ni gbogbo wọn. Ogún tí wọ́n ní láti fi sílẹ̀ kò dọ́gba rárá. Ẹni tí éèyi gan-an mú ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ kéré sí i, bí ó tilẹ̀ tó láti dáàbò bo òun fúnra rẹ̀. Ohun tí yóò kàn ọmọ rẹ̀ yóò tètè tán, nígbà mìíràn kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Ọmọ ẹ̀kẹta kò jogún nǹkan kan. Ibà ẹ̀fọn náà ní ọ̀nà tirẹ̀: bí ó bá wọ inú ibi ọmọ, kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ kọjá tó bí ó ti yẹ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan ní Gáńbíà ti fi hàn. Àwọn ará ẹ̀bá ọ̀sà Ọ̀jọ́ kò sì nílò ẹni tí yóò sọ fún wọn bí ẹ̀fọn ti rí.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n wọ̀n ní Kẹ́ńyà, ara àwọn ìyá tí éèyi ti mú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń dín kù. Bí àjẹsára bá ti ń ṣe dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni àfo tí ó wà láàárín òpin ogún ìyá àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ yóò ṣe máa gùn tó. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn sí abẹ́rẹ́ rárá. Kí abẹ́rẹ́ tó dé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé éèyi ń pa nǹkan bí mílíọ̀nù 2.6 ènìyàn lọ́dọọdún. Ní ọdún 2023, nǹkan bí 107,500 ni. Àjọ náà gbà kí á gún ọmọ oṣù mẹ́fà níbi tí éèyi bá ti bẹ́ sílẹ̀, kí á sì tún un gún ní àsìkò rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti fi abẹ́rẹ́ kejì kún un ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ó sì ń dáàbò bo ọmọ inú àfo náà jù lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ alájọgbélé tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ tiwọn, tí wọn kò ní gbé éèyi wọlé bá a.

Ti rùbẹ́là yàtọ̀. Éèyi ń wá ọmọ tí a ti bí. Rùbẹ́là ń wá ọmọ tí ó ṣì wà nínú. Ara ìyá a sú díẹ̀, ibà rẹ̀ kì í le, ó lè má tilẹ̀ dùbúlẹ̀. Ní ọdún 1941, Norman Gregg, dókítà ojú ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, rí i pé àwọn ọmọ tuntun tí ẹyin ojú wọn funfun ti pọ̀ jù. Ó kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, wọ́n jẹ́ 78. Rùbẹ́là ti mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Láàárín ọdún 1964 sí 1965, àrùn yìí mú nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì bí ọmọ bí 20,000 tí ó ba ojú, etí tàbí ọkàn wọn jẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1969.

Nàìjíríà kò yára gbà á, kì í sì í ṣe àìbìkítà nìkan ni ó fà á. Bí ìdajì ọmọdé péré bá gba abẹ́rẹ́ rùbẹ́là, àrùn náà kò ní kú. Yóò kàn máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àwọn ọmọbìnrin tí ì bá mú ní kékeré yóò sì dàgbà láìpàdé rẹ̀, títí yóò fi bá wọn nínú oyún. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi máa ń ní tẹ́lẹ̀ kí orílẹ̀-èdè lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ tí ó ní éèyi àti rùbẹ́là papọ̀ rọ́pò ti éèyi nìkan, láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ọmọbìnrin oṣù mẹ́sàn-án tí ó bá gbà á ní Ìba ní ọdún 2026 yóò ti tó ẹni ogún ọdún kí ọdún 2046 tó parí. Fún ìgbà díẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláboyún tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ní Ọ̀jọ́ yóò máa jẹ́ ti ìgbà tí kò sí abẹ́rẹ́ rùbẹ́là: àwọn kan ti bá a pàdé láìmọ̀, àwọn kan kò tíì bá a pàdé, bẹ́ẹ̀ ni káàdì tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò sì sọ èwo ni èwo.